Ẹ̀rọ Tó Dúró Kì í Pawó

Mọ́ọ̀dù ni mò ń ṣe ní Accra: irin tí a gbẹ́ inú rẹ̀, tí àwọn iléeṣẹ́ ń da ike yíyọ́ sí kó lè di ìdérí ìgò, ife tàbí abọ́. Ọ̀pọ̀ àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí gbà pé ẹ̀rọ àtijọ́ ló ń fà wá sẹ́yìn, pé ọjọ́ tí a bá rí ẹ̀rọ CNC tuntun rà, wàhálà tán. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀.

Mo fún ọmọ iṣẹ́ kan ní ìwé àti aago. Mo ní kó máa kọ ìgbà tí ọ̀bẹ ẹ̀rọ bá ń gé irin sílẹ̀, kó sì kọ ìgbà tí kò bá gé. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, àkókò tí ọ̀bẹ fi gé irin kò tó ìdajì. Ìyókù ńkọ́? À ń wá sípánà. À ń di irin mọ́ ẹ̀rọ, à ń tú u, à ń tún un dì. Ọ̀bẹ ti kú, ẹnìkan ti lọ sọ́jà lọ ra òmíràn.

Ẹ wo ìyá oníwaakye láàárọ̀. Kò dúró dìgbà tí oníbàárà bá dé kó tó dín ẹja tàbí kó tó se shito. Gbogbo rẹ̀ ti wà ní àrọ́wọ́tó. Bíbù ló kù. Ohun tí Shigeo Shingo rí ní Toyota lọ́dún 1969 nìyẹn. Wákàtí mẹ́rin ni wọ́n fi ń pààrọ̀ mọ́ọ̀dù lára ẹ̀rọ ńlá kan. Ó ya iṣẹ́ tí a lè ṣe nígbà tí ẹ̀rọ ń lọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó gbọ́dọ̀ dúró dè é. Wákàtí mẹ́rin di àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Nígbẹ̀yìn, ó di ìṣẹ́jú mẹ́ta.

Lọ́dọ̀ tiwa, a ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára ògiri kó lè mọ ilé rẹ̀. Bí irin kan bá wà lórí ẹ̀rọ, a ti ń wọn èyí tó kàn, a sì ti ń dì í sílẹ̀. Àwọn kan á ní ká kàn tẹ eré mọ́ ẹ̀rọ ni. Àmọ́ ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: eré àsápajúdé ló ń ṣẹ́ ọ̀bẹ, tó sì ń ba irin olówó iyebíye jẹ́.

Lóòótọ́, iná ò sí níkàáwọ́ wa. Dumsor ni wọ́n ń pè é níbí: pa kó o tàn. Bí iná bá lọ láàárín iṣẹ́, àpá lè kù lójú mọ́ọ̀dù, gbogbo ife tó bá sì tinú rẹ̀ jáde ló máa gbé àpá náà. Ìdí nìyẹn tí ìṣẹ́jú tó wà níkàáwọ́ wa fi ṣọ̀wọ́n.

Lọ́dún 1987 ni ìjọba Ghana dá GRATIS sílẹ̀, tó fi Tema ṣe ibùjókòó, láti mú ìmọ̀ ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣẹ́ kéékèèké. Ó wù mí kí gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni níṣẹ́ irin máa kọ́ni ní ṣíṣọ́ àkókò pẹ̀lú. Bí mọ́ọ̀dù wa bá pẹ́, China ni oníbàárà máa kọ̀wé sí. Bó bá ti ibẹ̀ dé, àtúnṣe rẹ̀ náà lè bọ́ lọ́wọ́ wa. Kí wá ni ọmọ tí òbí fà lé wa lọ́wọ́ máa kọ́?

Ká tó lọ yáwó ra ẹ̀rọ tuntun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ iye wákàtí tí èyí tó wà nílẹ̀ fi ń sùn.