Ẹ Jẹ́ Ká Tọ́jú Iná Ìta

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí iná tó wà níta ilé.

Ní Prince George's County níbí, tí a bá ti yí aago padà nínú oṣù kọkànlá, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀ ń ṣú. Ìyá àgbà tó wá kí wa láti ilé lè máà rí àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà, pàápàá tí yìnyín bá wà lórí rẹ̀. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, NEPA ló ń mú iná lọ. Níbí, iná kì í sábà lọ, ìyẹn ló ń jẹ́ ká gbàgbé pé ó fẹ́ ìtọ́jú.

Ohun tí èmi àtàwọn ọmọ mi ń ṣe kí òtútù tó dé nìyí:

1. A ń pa iná láti ibi súìṣì ńlá tó ń pín iná ká inú ilé. Àgbà ló ń ṣe èyí.

2. Tí gílóòbù bá ti tutù, a ń nu gíláàsì, a sì ń kó òwú aláǹtakùn kúrò.

3. A ń wo rọ́bà tó wà láàárín iná àti ògiri. Tó bá ti ya, omi á wọlé. Omi àti iná kì í ṣọ̀rẹ́.

4. Wáyà tó bá ti bó, a kì í fọwọ́ kàn án. Oníná tó ní ìwé àṣẹ là ń pè.

5. Tí a bá fẹ́ gbẹ́ ilẹ̀ láti ri wáyà, a ń kọ́kọ́ pe 811, kí wọ́n wá sàmì sí ibi tí wáyà àti páìpù wà.

Oníṣirò owó ni mí, ẹ jẹ́ kí n ṣírò díẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ oní 60 watt, tó bá ń tàn fún wákàtí 12 lálaalẹ́, ń jẹ nǹkan bí 263 kilowatt-hour lọ́dún. LED oní 9 watt tí ìmọ́lẹ̀ wọn jọra ń jẹ nǹkan bí 39.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wá gbọ́ èdè. Ọ̀rọ̀ kan náà, iná, là ń lò fún èyí tí a fi ń dáná àti èyí tó wà nínú wáyà. À ń tan iná, à ń pa iná. Gílóòbù ń jóná. Iná sì ń gbé èèyàn. Tí ìyá àgbà bá kígbe pé, "Fi sílẹ̀, iná á gbé ẹ!", Yorùbá ló máa fi kígbe. Kò ní sáyè láti béèrè ìtumọ̀. Ẹ kọ́ gbólóhùn yẹn lónìí, kí ẹ sì kà á sétí òbí yín.

Ó dìgbà o.