Ìwé Kan Tí A Fẹ́ Kí Àwọn Ọmọ Wa Kà

 Ọ̀rọ̀ tí a ní lọ́dún yìí fún ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Kàdúná ṣe ilé, ọ̀rọ̀ ìwé kíkà ni, nítorí ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.

Orúkọ ìwé náà ni The Other Side of Truth. Beverley Naidoo ni ó kọ ọ́. Ọdún 2000 ni ó jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Carnegie Medal ti ọdún náà, èyí tí wọ́n ń fún ìwé ọmọdé tó ta yọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìtàn inú rẹ̀ kì í ṣe ti ìjàpá. Ọmọ Yorùbá méjì ni ó dá lé lórí: Ṣadé, ọmọ ọdún méjìlá, àti Fẹ́mi àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́wàá. Èkó ni wọ́n ń gbé ní 1995, nígbà ìjọba ológun Abacha, ní àkókò tí wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn mẹ́jọ mìíràn. Oníwèé-ìròyìn ni bàbá wọn, kì í sì í fi òtítọ́ pamọ́. Àwọn apànìyàn wá a dé ilé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ìyá àwọn ọmọ ni ìbọn bà.

Kíá ni ẹbí wá obìnrin kan tí yóò mú àwọn ọmọ náà dé Lọ́ńdọ̀nù bí ẹni pé òun ló bí wọn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, obìnrin náà fi wọ́n sílẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹbí tí wọ́n ń wá, wọn kò rí i. Ibẹ̀ ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀: òtútù, orúkọ irọ́ tí wọ́n ní láti máa jẹ́ kí àṣírí bàbá wọn má baà tú, àti àwọn ọmọ iléèwé tí wọ́n fi Ṣadé ṣe yẹ̀yẹ́ títí wọ́n fi fipá mú un jalè ní ṣọ́ọ̀bù ẹbí ọ̀rẹ́ rẹ̀. A kò ní sọ bí ó ṣe parí. Ẹ lọ kà á.

Àwọn òbí kan ti bi wá pé kí ló dé tí a fi ń fún ọmọdé ní ìwé ikú àti ẹkún. Èsì wa ni pé àwọn ọmọ wa ti fojú ara wọn rí tiwọn. Ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tí rògbòdìyàn Ṣàríà bẹ́ sílẹ̀ ní ìlú yìí, ọ̀pọ̀ wa ni ó sun bárékè sójà. Ọmọ ọdún méje ni àkọ́bí wa obìnrin nígbà náà. Ohun tó rí lójú ọ̀nà, kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. A bi í, a tún un bi, “Kò sí nǹkan kan” ni ó ń wí. Ọdún 2005 ni ó ka ìwé yìí. Ní alẹ́ ọjọ́ tó kà á tán, ó wá bá wa ní pálọ̀, ó ní, “Ṣadé náà kò lè sọ ohun tó rí.” Ìgbà náà ni ó tó wá sọ tirẹ̀ fún wa.

Ó tún bi wá pé, “Bàbá, bí ẹ bá mọ̀ pé wọ́n máa pa Màmá, ṣé ẹ ṣì máa kọ òtítọ́ yẹn?” Òṣìṣẹ́ ìjọba ni wá. A mọ bí fáìlì ṣe ń sọnù, a sì mọ ohun tí ojú ẹni tó bá kọ̀ láti fọwọ́ síwèé máa ń rí. Ọ̀pọ̀ alẹ́ ni a fi jọ sọ ọ́. Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ìwé yìí jẹ́ kí ọmọ mọ iye tí òtítọ́ ń ná ènìyàn. Kò tàn án pé ọ̀fẹ́ ni.

Ẹlòmíràn á ní òyìnbó ló kọ ọ́, kí ló mọ̀ nípa wa? Òyìnbó ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n Johannesburg ni wọ́n bí i sí ní 1943. Ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ibẹ̀ tì í mọ́lé láì gbé e dé kóòtù, ó sì kọjá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1965. Ìwé ọmọdé rẹ̀ àkọ́kọ́, Journey to Jo'burg, tó jáde ní 1985, wọ́n fòfin dè é nílẹ̀ rẹ̀ títí di 1991. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ti kàn rí ni ó ń sọ ọ́.

Ohun kan kò tẹ́ wa lọ́rùn. Àwọn òwe tí Ṣadé ń rántí lẹ́nu ìyá rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n. Àwọn ọmọ wa fi ìyẹn ṣe eré: wọ́n ń wá Yorùbá tó bá a mu, èyí tí kò bá yé wọn, wọ́n á fóònù ìyá àgbà.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí òbí kọ́kọ́ ka ìwé náà, kí ó tó gbé e fún ọmọ ọdún mọ́kànlá sókè. Kí ọmọ ka orí kan tàbí méjì lálẹ́, kí ó sì fi Yorùbá sọ ohun tó kà. Hausa ni wọ́n ń sọ ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń sọ níléèwé. Kí ti ilé má di ti ìkíni nìkan. A sì ń bẹ ẹgbẹ́ wa pé kí a mú díẹ̀ kúrò nínú owó aṣọ ẹbí ọdún tó ń bọ̀, kí a fi ra mẹ́wàá sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa.

Kí Ọlọ́run dá gbogbo wa sí, kí ó sì jẹ́ kí a fi ẹsẹ̀ ara wa rìn padà sílé. Àmín.