Owó Ọwọ́ Ìyàwó àti Oúnjẹ Ilé

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́dún yìí kò ju ẹyọ kan lọ: owó tó wà lọ́wọ́ obìnrin wà lára ohun tí ilé ń jẹ nígbà tí ìlú bá le.

Nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé bẹ̀rẹ̀ ní Èkó àti Àbújá ní ọjọ́ 30 oṣù kẹta ọdún 2020, tí ti ìpínlẹ̀ Ògùn sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin, nítorí àrùn kòrónà, Abẹ́òkúta ni a wà. Bàbá wa, tí í ṣe awakọ̀, kò rí iṣẹ́ lọ. Èlùbọ́ tí ìyá wa ti ṣe pamọ́ ni a jẹ. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iṣu pọ̀ lọ́jà ló máa ń ra àwọn kéékèèké, yóò bó wọn, yóò rẹ wọ́n sínú omi gbígbóná di ọjọ́ kejì, kó tó sá wọn sóòrùn. Èyí tí kò bá gbẹ dénú yóò bàjẹ́ nínú àpò, nítorí náà kì í kánjú kó o. Mo máa ń rántí ìtàn Ànábì Yúsúfù, bí wọ́n ṣe fi ọkà sílẹ̀ nínú ṣírí rẹ̀ de ọdún ìyàn. Owó àjọ ẹgbẹ́ àsàlátù ni ìyá wa fi ra iṣu náà, bàbá wa kò sì fọwọ́ kàn án rí.

Kì í ṣe gbogbo ilé ló rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2023, lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ fò sókè, oúnjẹ tẹ̀lé e. Àkókò náà ni baálé ilé kan ládùúgbò wa gba owó òwò ìyàwó rẹ̀, tí òun náà ń ṣe èlùbọ́, ó fi san owó ilé. Ó ní ẹni tó ni ìyàwó ló ni owó rẹ̀. Owó ilé náà gbé wọn fún ọdún kan. Òwò èlùbọ́ kò dìde mọ́.

Níbo ló ti kà á? Ọrùn ọkọ ni Ṣẹríà gbé bùkátà ilé kọ́. Ohun ìní ìyàwó, tirẹ̀ ni. Àní sọ̀dáàkì pàápàá, Súrátù Nísáì, àáyà 4, kò yọ̀ǹda fún ọkọ àfi èyí tí ìyàwó bá fi tinútinú fún un. Oníṣòwò ńlá ni Nana Khadijah kí Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó fẹ́ ẹ. Níbi yìgì, ẹ̀yin àáfà wa a máa kìlọ̀ fún ìyàwó pé kó tẹríba, ó sì dára. Ti owó yìí ni mi ò tíì gbọ́ kí ẹ kìlọ̀ fún ọkọ.

Ẹgbẹ́ àsàlátù ti ṣetán láti yá obìnrin náà lówó láìsí èlé. Ohun tí wọ́n ń dúró dè ni kí baálé rẹ̀ wá síwájú Lèmọ́mù, kó gbà pé òun kò ní ìpín níbẹ̀.