Àwọn Tó Ń Kọ̀wé Nípa Bí Ẹ̀yà Kan Ṣe Ń Di Méjì

Nígbà tí àwọn tó ń tẹ Encyclopaedia Britannica fẹ́ àyọkà lórí ẹfolúṣọ̀n fún ẹ̀dà kẹsàn-án ìwé wọn, Thomas Henry Huxley ni wọ́n ké sí. Ìdìpọ̀ náà jáde ní 1878, ọdún mọ́kàndínlógún lẹ́yìn tí Charles Darwin tẹ ìwé rẹ̀ lórí orísun àwọn ẹ̀yà. Huxley kọ apá ti ohun abẹ̀mí, James Sully kọ apá ti ìmọ̀ ọgbọ́n-orí, ó parí. Nígbà tó di ẹ̀dà kọkànlá, ní 1910 sí 1911, Peter Chalmers Mitchell, akọ̀wé ẹgbẹ́ onímọ̀ ẹranko ìlú London, ló gba iṣẹ́ náà. Ẹni tí kò bá fara mọ́ gbólóhùn kan nínú ohun tí wọ́n kọ yóò dúró de ẹ̀dà mìíràn, ìyẹn sì lè gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Iṣẹ́ kan náà ni òǹkọ̀wé yìí, olùkọ́ bàọ́lọ́jì nílé ẹ̀kọ́ girama kan n'Ìbàdàn, ń ṣe lórí Wikipedia lẹ́yìn tó bá ti máàkì ìwé àwọn ọmọ tán, láìgba kọ́bọ̀. Ohun tó gbé e débẹ̀ ni ìbéèrè tí àwọn ọmọ SS 3 máa ń bi í bí ẹfolúṣọ̀n bá ti kàn nínú ìlànà ẹ̀kọ́ WAEC: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ pé ara ọ̀bọ la ti jáde, kí ló dé tí ọ̀bọ ṣì wà nínú igbó?” Ìbéèrè gidi ni. Èsì rẹ̀ ni pé èèyàn àti ọ̀bọ jọ ní baba ńlá kan tó ti run tipẹ́. Ìlà rẹ̀ ló pín, ẹ̀ka kan kò sì ní láti parẹ́ kí èkejì tó wà. Ìpínyà yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ìwé ilé ẹ̀kọ́ máa ń fò dá. Wọ́n á sọ ti Lamarck àti ọrùn àgùnfọn, wọ́n á sọ ti Darwin, wọn ò ní sọ bí ẹ̀yà kan ṣe ń di méjì.

Kí iṣẹ́ yìí tó bọ́ sọ́wọ́ irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, ohun kan kọ́kọ́ kùnà. Ní oṣù kẹta ọdún 2000, Jimmy Wales àti Larry Sanger bẹ̀rẹ̀ Nupedia, ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ, tí àyọkà kọ̀ọ̀kan sì ní láti gba ìpele àyẹ̀wò méje kọjá. Títí wọ́n fi tì í ní 2003, àyọkà tó là á já kò ju nǹkan bíi 25 lọ. Wikipedia, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 2001 láti máa ràn án lọ́wọ́, ló gba ipò rẹ̀, nítorí pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ nǹkan síbẹ̀.

Ẹnikẹ́ni náà ló sì lè bà á jẹ́, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ tó kan ìgbàgbọ́. Lójú òǹkọ̀wé yìí, kò sí oṣù tó wúwo tó oṣù kejìlá ọdún 2005 nínú ìtàn iṣẹ́ náà. Jọ́nà Nature tẹ ìwádìí tó fi àyọkà sáyẹ́ǹsì 42 wéra: àṣìṣe bíi mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n rí nínú ti Wikipedia, bíi mẹ́ta-mẹ́ta nínú ti Britannica. Britannica ta kò ó kíkankíkan. Ní ọjọ́ 20 oṣù kan náà, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania, Adájọ́ John E. Jones dá ẹjọ́ àwọn ilé ẹ̀kọ́ agbègbè Dover: ẹ̀kọ́ tó ní ọlọ́gbọ́n kan ló pète àwọn ohun abẹ̀mí kì í ṣe sáyẹ́ǹsì, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba kò sì gbọdọ̀ gbé e kalẹ̀ ní kíláàsì bàọ́lọ́jì. Inú oṣù yẹn náà ni Wikipedia gbé ìlànà kan jáde tí kì í jẹ́ kí ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀, tàbí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, fọwọ́ kan àwọn ojú-ìwé tí wọ́n ń bà jẹ́ jù.

Àmọ́ títi ilẹ̀kùn nìkan kọ́ ló mú kí irú àyọkà bẹ́ẹ̀ dúró. Òfin ìtọ́kasí ni. Olóòtú kò gbọdọ̀ kọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣàwárí. Ohun tí ìwé tó ṣeé gbára lé ti sọ ló lè kọ, kó sì tọ́ka sí i. Ẹni tí kò tíì ṣe iṣẹ́ náà lè rò pé èyí rọrùn.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ẹ̀fọn. Gbogbo ayé ló mọ àwọn ẹyẹ Galápagos, torí láti 1973 ni Peter àti Rosemary Grant ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wọn àgógó wọn ní erékùṣù Daphne Major, iṣẹ́ ńlá sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọn tó ń gbé ibà kiri ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ń pínyà bẹ́ẹ̀ náà lẹ́bàá ilé wa. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé Anopheles gambiae pín sí oríṣi méjì, M àti S. Ojú kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Àyẹ̀wò DNA ló ń yà wọ́n. Ní 2013, Maureen Coetzee àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ oríṣi M di ẹ̀yà tirẹ̀, wọ́n sì pè é ní Anopheles coluzzii, ní ìrántí Mario Coluzzi, ọmọ ilẹ̀ Ítálì tó ṣiṣẹ́ pẹ́ lórí àwọn ẹ̀fọn yìí.

Gambiae fẹ́ràn omi òjò tó dúró sínú kòtò fún ìgbà díẹ̀. Coluzzii fẹ́ràn omi tó ń pẹ́ nílẹ̀, irú ti oko ìrẹsì. Ní ìrọ̀lẹ́ àwọn akọ a máa kóra jọ lójú afẹ́fẹ́, abo a sì fò wọ àárín wọn. Ibi tí agbo ẹ̀yà kìíní máa ń wà sábà yàtọ̀ sí ti èkejì. Bí wọ́n bá pa wọ́n pọ̀ ní láàbù, wọ́n á bímọ, ọmọ wọn náà á sì bímọ. Níta, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ní ibi púpọ̀, àmọ́ ó pọ̀ ní etíkun Guinea-Bissau. Jíìnì tí kì í jẹ́ kí oògùn apakòkòrò ran ẹ̀fọn pàápàá ti kọjá láti ara gambiae sínú coluzzii.

Ernst Mayr sọ ní 1942 pé ẹ̀yà ni àwọn ẹ̀dá tó ń bá ara wọn bímọ, tí wọn kì í sì í bá àwọn mìíràn bí. Ṣé méjì wá ni àwọn ẹ̀fọn yìí? Olóòtú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti dájọ́. Ó ní láti kọ ìpínyà náà bó ṣe rí, kó kọ jíìnì tó kọjá náà, kó má sì fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀. Irú ibi báyìí ni iṣẹ́ náà ti ń dánni wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Barombi Mbo, adágún kékeré inú òkè ayọnáyèéfín àtijọ́ ní Kamẹrúùnù. Oríṣi ẹja cichlid mọ́kànlá ló wà níbẹ̀ tí kò sí níbòmíràn láyé. Ní 1994, Ulrich Schliewen, Diethard Tautz àti Svante Pääbo kọ ọ́ pé baba ńlá kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn nínú adágún náà, láìsí òkè tàbí ilẹ̀ tó dá wọn sí méjì. Ó di àpẹẹrẹ tí gbogbo ìwé ń mú lò. Ní 2015, Christopher Martin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ jíìnì àwọn ẹja náà wò dáadáa, wọ́n sì rí àmì pé ẹja odò ìta ti wọlé wá dàpọ̀ mọ́ wọn lẹ́yìn ti àkọ́kọ́. Àwọn kan á fẹ́ kí wọ́n yọ àpẹẹrẹ náà, àwọn kan á fẹ́ kó dúró bó ṣe wà. Èyí tó tọ́ lójú òǹkọ̀wé yìí ni kí òǹkàwé bá ìwádìí méjèèjì pàdé ní ìpínrọ̀ kan náà, pẹ̀lú ọdún wọn.

Owó tí jọ́nà ń gbà kí èèyàn tó ka irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ló ti lé ọ̀pọ̀ olóòtú ilẹ̀ wa sá. Èyí ti dín kù: ẹni tó ti ṣe àtúnṣe 500, tó sì ti lo oṣù mẹ́fà, lè gba ẹnu ọ̀nà Wikipedia Library ka ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Ohun tó wà lọ́wọ́ òǹkọ̀wé yìí báyìí ni Dahomey Gap, ọ̀dàn tó já wọ etí òkun láti ìlà-oòrùn Gánà gba Tógò àti Benin kọjá, tó sì gé igbó kìjikìji ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà sí méjì. Ọ̀bọ kan tí ọ̀fun rẹ̀ funfun, Cercopithecus erythrogaster, wà ní agbègbè yìí. Èyí tó wà nínú igbó Lama ní Benin, ikùn rẹ̀ pupa. Èyí tó wà nínú igbó Ọmọ àti Òkómù ní Nàìjíríà, ikùn rẹ̀ rí bí eérú. Ìsọ̀rí méjì nínú ẹ̀yà kan ni àwọn onímọ̀ ṣì pè wọ́n, bẹ́ẹ̀ náà sì ni òǹkọ̀wé yìí kọ ọ́ sílẹ̀.