Ringgit 20 Lójúmọ́ ní Erékùṣù Penang

Ojú omi ni mo gbà wọ Penang. Ọkọ̀ ojú irin láti Kuala Lumpur já mi sí Butterworth, létí òkun. Mo gbé báàgì mi kọ́ ẹ̀yìn, mo san owó táṣẹ́rẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi, kò sì pẹ́ tí a fi gúnlẹ̀ sí George Town. Afárá gígùn kan ti so erékùṣù náà mọ́ ilẹ̀ Malaysia yòókù láti ọdún 1985, ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá kánjú, kó má gba orí rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì mi níbẹ̀, ẹ̀rọ ATM kọ káàdì mi. Mo ti san owó ilé tí mo wọ̀ sí sílẹ̀, yàrá kan tí àwa mẹ́jọ jọ ń sùn. Ringgit 80 ló kù lápò mi, ọjọ́ mẹ́rin ló sì kù kí n padà. Níbòmíràn, búrẹ́dì àti omi ni ìyẹn ì bá jẹ́. Ní Penang, àjẹyó ni mo jẹ.

Ìdí ni pé ẹ̀gbẹ́ títì ni ògidì oúnjẹ ibẹ̀ wà. Nínú ilé kọfí tí wọ́n ń pè ní kopitiam, onílé ló ń ta ohun mímu. Àwọn olóúnjẹ a yá àyè lọ́wọ́ rẹ̀, oníkálùkù pẹ̀lú ohun kan ṣoṣo tó mọ̀ ọ́n sè. Ẹ ra ohun mímu kan, nítorí ìyẹn ni owó ìjókòó yín. Char kway teow ni mo kọ́kọ́ jẹ: ìyẹ̀fun ìrẹsì tí wọ́n sọ di núdù pẹlẹbẹ, tí wọ́n wá dín nínú agbada pẹ̀lú edé, ẹyin àti èéhù ẹ̀wà. Àwo mi kò tó ringgit 10. (Kí Mùsùlùmí béèrè kó tó jẹ ẹ́ o, nítorí àwọn ará Ṣáínà mìíràn ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ dín in.) Ọbẹ̀ ẹja tí àjàgbọn mú kan ni assam laksa, wọ́n sì máa ń bu edé lílọ̀ dúdú kan sí i tí òórùn rẹ̀ lè lé àlejò sá. Ẹni tí irú bá tọ́ dàgbà kò ní sá.

Nasi kandar ni mo fẹ́ràn jù. Láyé àtijọ́, àwọn Mùsùlùmí Tamil tó ti Íńdíà wá a máa fi ọ̀pá lé èjìká kiri, ìrẹsì ní ìpẹ̀kun kan, ọbẹ̀ ní ìkejì. Ọ̀pá yẹn ni kandar. Bí ẹ bá ní kí wọ́n ṣe é "banjir", ìyẹn ìkún omi, oríṣiríṣi ọbẹ̀ ni wọn yóò dà lé ìrẹsì yín lórí títí yóò fi bò.

Oúnjẹ ni ìyá mi náà ń tà. Ìrẹsì àti ẹ̀wà ẹ̀bá títì ló rán mi dé yunifásítì. Síbẹ̀, nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, mo máa ń mú àwọn ọ̀rẹ́ mi gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kí wọ́n má baà rí i nídìí àdògán. N kò sọ èyí fún un rí.

Lálẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn, mo tò fún ìyá àgbà kan tó ń fi èédú dín char kway teow. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò ńlá wà níwájú mi. "Auntie" ni gbogbo wa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe obìnrin tó bá dàgbà níbẹ̀. Ó ń dín àwo kọ̀ọ̀kan láìwo ojú ẹnikẹ́ni. A dúró tó wákàtí kan, ẹnìkan kò pòṣé. Ó ku ènìyàn bíi mẹ́ta lẹ́yìn mi tí oúnjẹ fi tán. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì lọ.

Mo pe ilé. Ọ̀sán ṣì ni lọ́dọ̀ wọn, mo ń gbọ́ ariwo àwọn oníbàárà.

"Ẹ kú ọ̀sán, Màámi."

"Ṣé o ti jẹun?"

Mo ṣàlàyé oúnjẹ náà fún un.

"Kí ni wọ́n fi ń dáná?"

"Èédú ni, mà."

"Mo mọ̀," ni ó wí. Ó ní kí n dúró ná, kí òun dá oníbàárà kan lóhùn. Mo dúró.