Ìjàpá Méjì Nínú Ọgbà Kan

Nínú àlọ́ Yorùbá, Ìjàpá kì í dá gbé. Yánníbo aya rẹ̀ wà nílé, àna rẹ̀ wà ní abúlé kejì, àwọn ọ̀rẹ́ tí yóò rẹ́ jẹ sì pọ̀ lọ jàra. Bóyá èyí ni ó mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ìjàpá kan ṣoṣo bá wà nínú ọgbà, àìrẹ́nìkejì ń jẹ ẹ́ níyà. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilé kan ní Ìbàdàn fi hàn pé ìjàpá inú àlọ́ yàtọ̀ sí ti inú ọgbà.

Ìyá àgbàlagbà kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, ni ó kó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ sí ilé ọmọkùnrin rẹ̀ nígbà tí orúnkún kò jẹ́ kí ó lè dá gbé mọ́. Ẹrù rẹ̀ kò ju àpótí aṣọ, Bíbélì, sítóòfù àti ìjàpá kan nínú agbọ̀n lọ. Ọkọ rẹ̀ tí ó ti di olóògbé ni ó ra ìjàpá náà. Ìjàpá kò kúkú ṣàjèjì sí ará Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí Alàgbà, ìjàpá ààfin Ṣọ̀ún, kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2019, ààfin kéde pé ó lo ọdún 344 láyé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn onímọ̀ nípa ẹranko kò gba iye ọdún náà gbọ́.

Àwọn ọmọ ilé ti ní ìjàpá tiwọn tẹ́lẹ̀. Wọ́n pariwo pé, "Ìyá Àgbà, tiwa ti rí ọ̀rẹ́!" Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti gbé àlejò sínú ọgbà.

Fún ọjọ́ mélòó kan, àwọn méjèèjì kàn ń gbóòórùn ara wọn. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, onílé bẹ̀rẹ̀ sí í fi iwájú ìkarahun rẹ̀ kàn àlejò ní ìhà, gbà, gbà, gbà. Àwọn ọmọ rò pé eré ni, wọ́n sì gba ilé-ìwé lọ. Nígbà tí ìyàwó ilé dé ẹ̀yìnkùlé ní ọ̀sán, ìjàpá ìyá ọkọ rẹ̀ ti fi ẹ̀yìn lélẹ̀ nínú oòrùn, àyà rẹ̀ kọjú sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta díẹ̀díẹ̀. Ìjàpá tí ó bá wà báyìí pẹ́ lè kú, nítorí oòrùn yóò pa á, ìfun rẹ̀ yóò sì máa tẹ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ó yára yí i padà, ó gbé e sí ibòji.

Ó kúnlẹ̀ níwájú ìyá náà. "Ẹ má bínú, Mà. A kò mọ̀ ni."

"Kò sí ẹni tí ó mọ̀, ìyàwó mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ni ó ti ọkàn wá jù láàárín wọn láti ìgbà tí ìyá ti dé. Bí ìyá bá gbé ìkòkò sí apá ọ̀tún ilé ìdáná, ìyàwó á rọra gbé e padà sí apá òsì. Wọn kò jà. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín sí ara wọn.

Dókítà ẹran tí wọ́n pè yẹ àwọn ìjàpá náà wò. Àyà àwọn méjèèjì tẹ̀ wọnú, ìrù wọn sì gùn: akọ ni wọ́n. Ó ṣàlàyé pé ìjàpá kì í ṣe ẹran agbo, akọ kì í sì í fẹ́ rí akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní sàkáání rẹ̀. Ó ní ó yẹ kí wọ́n ti kọ́kọ́ ya àlejò sọ́tọ̀ fún oṣù mẹ́ta ó kéré tán, kí wọ́n máa wò ó bóyá imú rẹ̀ ń ṣomi, kí wọ́n sì yẹ ìgbẹ́ rẹ̀ wò fún aràn, nítorí ìjàpá tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá lè gbé àrùn tí yóò pa èkejì.

Akọ àti abo pàápàá kò fi dandan bára mu. Lonesome George, ìjàpá ńlá tí wọ́n rí ní erékùṣù Pinta ní Galápagos ní ọdún 1971, ni ó kẹ́yìn ìran rẹ̀. Wọ́n fi abo méjì láti erékùṣù mìíràn sọ́dọ̀ rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹyin tí wọ́n yé ní ọdún 2008 àti 2009 kò pa. George sì kú ní ọdún 2012 láìfi ọmọ sílẹ̀.

Ọmọkùnrin ìyá ra búlọ́ọ̀kù, bíríkìlà sì mọ ògiri la ọgbà sí méjì. Dókítà ti kìlọ̀ pé wáyà kò tó, nítorí bí wọ́n bá ṣì ń rí ara wọn, ara wọn kò ní balẹ̀. Apá kọ̀ọ̀kan ní ibòji tirẹ̀, àwo omi tirẹ̀ àti ibi oúnjẹ tirẹ̀.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, ìyá náà wo ògiri títí, ó sì pe ọmọ rẹ̀. "Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Bá mi gbé sítóòfù mi lọ sí fàráńdà ẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni n ó ti máa ro àmàlà mi. Ìyàwó rẹ ni ó ni ilé ìdáná."

Ọmọ rò pé inú ń bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Ìyàwó ni ọ̀rọ̀ náà yé. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì gbé sítóòfù náà.

Láti ìgbà náà, ní ìrọ̀lẹ́, ìyàwó a máa bu ọbẹ̀ lọ bá ìyá ní fàráńdà, ìyá a sì máa fi àmàlà gbígbóná dè é. Àwọn kan lè ka ògiri sí àmì ìkórìíra. Nínú ilé yìí, ògiri ni ó jẹ́ kí wọ́n lè jọ máa gbé.