Bàálù tó ń sáré ju ìró lọ: Ẹ wá wo ibi tí Concorde jókòó sí ní Weybridge

Bí ẹ bá pàdé ẹni tí ọ̀rọ̀ bàálù ti wọ̀ lára, tẹ́ ẹ bi í léèrè pé èwo ló wù ú kó fọwọ́ ara ẹ̀ wà kó tó kú, Concorde ló máa kọ́kọ́ bọ́ sí ọ̀pọ̀ wọn lẹ́nu. Àwọn kan lè ní Spitfire tí wọ́n fi ja ogun Hitler, àwọn mìíràn lè ní Jumbo 747, àmọ́ bí wọ́n bá ti dárúkọ Concorde, ṣe lojú wọn máa ń dán. Ohun tó wá dùn wọ́n níbẹ̀ ni pé láti oṣù kọkànlá ọdún 2003, Concorde kankan ò gbéra nílẹ̀ mọ́. Bí èèyàn lówó bíi yanrìn, kò lè rí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ rà.

Ṣùgbọ́n ibi kan wà ní ìlú Ọba tí mẹ̀kúnnù ti lè wọ inú ẹ̀. Brooklands ni wọ́n ń pe ibẹ̀, lẹ́bàá ìlú Weybridge ní Surrey. Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń gbé Peckham, àti ẹ̀yin ìyá tẹ́ ẹ wá bá ọmọ yín tọ́jú ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ wọ rélùwéè ní Waterloo. Nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sígbà náà, ẹ ti dé Weybridge. Ẹni tẹ́sẹ̀ ẹ̀ le lè rìn ín láti ibẹ̀, ẹni tí kò bá lè rìn kó wọ takisí.

Ibẹ̀ kì í ṣe ibi àná. Ọdún 1907 ni wọ́n ṣí i fún eré ìje mọ́tò. Kọnkéré ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà ọ̀hún, wọ́n sì gbé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ga bí ògiri, kí mọ́tò lè máa fi eré yípo láìfò jáde. Díẹ̀ lára ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ títí dòní. Nígbà tó yá, bàálù gba ibẹ̀ lọ́wọ́ mọ́tò, iléeṣẹ́ Vickers sì ń kan bàálù níbẹ̀. Lọ́jọ́ 4, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1940, àwọn Jámánì fi bọ́ǹbù lu iléeṣẹ́ náà lójú ọ̀sán gangan, òṣìṣẹ́ tó lé ní ọgọ́rin ló bá a lọ.

Concorde tó wà níbẹ̀, Delta Golf ni wọ́n ń pè é, nítorí lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn nọ́ńbà ara ẹ̀. Ọjọ́ 13, oṣù kejì, ọdún 1974 ló kọ́kọ́ fò. Kò gbé èrò tó sanwó rí, torí pé fún ìdánwò ni wọ́n ṣe é. Nígbà tí wọ́n lò ó tán, wọ́n pa á tì sí Filton, wọ́n sì ń yọ nǹkan lára ẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ṣì ń ṣiṣẹ́, bí ẹni tó ń yọ páàtì lára mọ́tò tó kú. Lọ́dún 2004 ni wọ́n já a sí wẹ́wẹ́, wọ́n fi ọkọ̀ àjàgbé kó o wá sí Brooklands. Àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn láìgbowó ló tún un tò, tí wọ́n sì kùn ún, kí wọ́n tó ṣí i fáráyé lọ́dún 2006.

Bẹ́ ẹ bá wọ inú ẹ̀, ẹnu lè yà yín. Kò fẹ̀ rárá! Ìjókòó méjì-méjì ló wà lápá ọ̀tún àti òsì, ọ̀nà tóóró láàrin, wíńdò ẹ̀ ò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọgọ́rùn-ún èrò péré ló ń gbé. Àṣé ohun tí àwọn olówó ń torí ẹ̀ náwó kì í ṣe àyè, àsìkò ni. Ẹni tó bá fi Lọ́ńdọ̀nù sílẹ̀ láago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀ á dé Niú Yọ́ọ̀kì kí aago tibẹ̀ tó lu mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Ó débẹ̀ ṣáájú aago tó gbéra! Lọ́jọ́ 7, oṣù kejì, ọdún 1996, ọ̀kan nínú wọn ti Niú Yọ́ọ̀kì dé Lọ́ńdọ̀nù láàrin wákàtí 2 àti ìṣẹ́jú 53. Bàálù mìíràn á lo bíi wákàtí mẹ́fà sí méje.

Ìlọ́po méjì eré tí ìró ń sá ló ń sá, ó sì ń ga tó 60,000 ẹsẹ̀ bàtà. Eré yẹn máa ń mú ara ẹ̀ gbóná débi pé irin ẹ̀ á nà, á fi ínṣì mẹ́fà sí mẹ́wàá gùn sí i lójú òfúrufú. Imú ẹ̀ tó gùn ṣọnṣọ, wọ́n ní láti tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ bó bá fẹ́ balẹ̀, kí awakọ̀ lè rí iwájú. Èèyàn mẹ́ta ló ń jókòó síwájú: ọ̀gá awakọ̀, igbákejì ẹ̀ àti ẹnjiníà tó ń fa epo síwá sẹ́yìn kí bàálù má bàa fì. Iṣẹ́ yẹn ò rọrùn rárá. Ìdí nìyẹn táwọn tí wọ́n fẹ́ràn bàálù fi ń lá àlá ẹ̀.

Wọn ò sì ní láti lá a lásán. Ẹ̀rọ tí British Airways fi ń kọ́ àwọn awakọ̀ Concorde, tí wọ́n ń pè ní simulator, Brooklands náà ló wà. Wọ́n tún un ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà lọ́dún 2009. Ẹ ó jókòó síbi tí awakọ̀ ń jókòó, ẹ ó di ọ̀pá ìdarí mú, Niú Yọ́ọ̀kì á sì máa bọ̀ lójú yín bí ẹni pé òótọ́ ni. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọjọ́ tí àyè wà kẹ́ ẹ tó lọ, owó tibẹ̀ sì yàtọ̀ sí owó ẹnu ọ̀nà.

Kí ló wá pa Concorde? Epo tó ń mu pọ̀ jù, ariwo ẹ̀ sì pọ̀ débi pé wọn ò jẹ́ kó sá eré ẹ̀ tán lórí ilẹ̀ táwọn èèyàn ń gbé. Ogún péré ni wọ́n kàn láyé. Lọ́jọ́ 25, oṣù keje, ọdún 2000, irin pẹlẹbẹ kan tó já bọ́ lára bàálù mìíràn gé táyà ọ̀kan tó ń gbéra ní Paris. Táyà fọ́, ó lu ibi tí epo wà, iná sọ, èèyàn 113 ló ṣòfò. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ẹ̀, gbogbo wọn fẹ̀yìn tì.

Ẹ má tíì kúrò ní Brooklands o, torí ohun tó kàn wá gan-an ṣì wà níbẹ̀. Ẹ wo VC10 tó wà níbẹ̀ náà. Weybridge yìí ni wọ́n ti kan gbogbo VC10 tó wà láyé, tìtorí àwọn ibi bíi tiwa sì ni. Ní ibi tí oòrùn bá ti mú, afẹ́fẹ́ á fúyẹ́, bàálù á nílò ọ̀nà gígùn kó tó gbéra, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà tó wà nílẹ̀ Áfíríkà nígbà yẹn ò gùn. Ni wọ́n bá kó ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí ìdí, kí apá ẹ̀ lè ráyè gbé e. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbé èrò tó sanwó, lọ́jọ́ 29, oṣù kẹrin, ọdún 1964, láti Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni! Nigeria Airways náà ra ọ̀kan. Lọ́jọ́ 20, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, bó ṣe fẹ́ balẹ̀ sí Ìkẹjà ló já lulẹ̀, gbogbo èèyàn 87 tó wà nínú ẹ̀ ló kú.

Ọdún 2003 tí Concorde fẹ̀yìn tì náà ni Nigeria Airways kógbá wọlé. Èyí tó ń ká wa lára nìyẹn. Àwọn kan ń tọ́jú tiwọn, àwọn tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ń nù ún, wọ́n ń ròyìn ẹ̀ fọ́mọdé. Àwa ńkọ́? Àwọn ẹnjiníà wa tó tún bàálù ṣe lóru, àwọn obìnrin wa tó fún èrò lóúnjẹ lókè, ta ló ń kọ ìtàn tiwọn sílẹ̀? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní bàbá tàbí ìyá tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ẹ jókòó tì wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ fún yín, nígbà tí wọ́n ṣì rántí.